Orúkọ Tí Etí Ilé Wa Kì Í Gbọ́

Ẹnu Ìyá Felisíà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìloro ilé wa ní Àjàṣẹ́ ló máa ń jókòó sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí a ti ń fi Yorùbá jẹun, tí a ń fi Gùn ná ọjà, tí a sì ń fi Faransé bá ìjọba ṣàròyé. Àgùdà ni wá. Àwọn tó bí wa wà lára àwọn tí wọ́n kó gba orí òkun lọ sí Bùràsíìlì, tí orí bá wọn ṣe é tí àwọn kan nínú wọn padà wálé.

Ìyá Felisíà ní obìnrin kan wà nínú àwọn àgbà wa tó ń jẹ́ Ẹfúnbọ́lá. Nígbà tó dé oko ìrèké lọ́hùn-ún, Ẹrú ni alábòójútó oko ń pè é. Kò bèèrè orúkọ rẹ̀, kò bèèrè ọmọ ẹni tí í ṣe. Ó wo àwọ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé ó dú, ó sì fi àwọ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ni Ẹfúnbọ́lá bá di etí. Wọ́n á pè é títí, kò ní yíjú. Wọ́n ní adití ni. Adití yìí náà ni wọ́n ń pè é títí ó fi dàgbà, títí ọkọ̀ ojú omi fi gbé e padà sí etíkun wa. Obìnrin kan tó ń sá ẹja sóòrùn ló rí i, tó ní, "Ẹfúnbọ́lá! Àbí ojú mi ni?" Kí orúkọ náà tó tán lẹ́nu obìnrin yẹn, Ẹfúnbọ́lá ti yíjú.

Bí Ìyá Felisíà bá dé ibẹ̀ yẹn, á rọra fà mí létí. Á ní, "Etí tí a fi bí ọ nìyí. Etí ilé wa kì í gbọ́ ìyẹn."

Èmi á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni mí nígbà náà. N kò mọ̀ pé bisikíìtì ni yóò mú kí n rántí rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀nà tí mo gbà dé Sáńgò, ní òdìkejì bọ́dà, kò ní ìtàn nínú. Ohun tó ní ìtàn ni pé mo dé ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè ìyá mi, mo sì jẹ́ àjèjì níbẹ̀. Yàrá kan ni mo gbà ní Ìjù. Àárọ̀ àkọ́kọ́, mo jáde sí ọgbà, mo dọ̀bálẹ̀ fún onílé, mo kí i bí a ṣe ń kíni ní Àjàṣẹ́, mo bèèrè ilé, mo bèèrè ọ̀nà, mo bèèrè ara àwọn ọmọ. Ọkùnrin kan tó ń fọ eyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì mì.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, Yorùbá yín dùn o! Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Tiwọn náà kò kúkú rọrùn fún mi. Ọkùnrin yìí kan náà ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì pé, "Mo tiráì yín lánàá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gúùdù rárá." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtùpà wá Yorùbá inú ọ̀rọ̀ yẹn.

Àdúgbò ilé iṣẹ́ ní òórùn tirẹ̀. Nígbà tí n kò tíì mọ orúkọ àwọn ibùdókọ̀, imú ni mo fi ń mọ ibi tí mo dé. Ibi tí ọṣẹ ti ń rùn, mi ò tíì dé. Ibi tí irin gbígbóná ti ń rùn, ó ku díẹ̀. Bí òórùn bọ́tà àti ṣúgà bá ti wọ inú bọ́ọ̀sì, màá dìde, màá ké sí awakọ̀ pé mo fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan bi mí pé níbo ni òun yóò ti sọ̀, tí mo sì dá a lóhùn láìronú, inú mi dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Mo ti ń júwe ọ̀nà fún ọmọ onílùú!

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń nira. Ní ilé wa, lẹ́yìn ìsìn, a máa ń se ẹ̀wà bí Àgùdà ṣe ń sè é, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó fi omi àgbọn sè é títí yóò fi dán. Ní Ìjù, èmi àti ìkòkò mi la jọ ń wo ara wa. Màá rìn lọ sí Ìyànà Ìyẹsí, màá dúró létí títì kí n lè máa wo èèyàn. Àwọn ọmọ ọkọ̀ á máa pariwo, "Ìdíìrókò! Ìdíìrókò kan tó kù!" Ilé mi wà ní ìparí ariwo yẹn, lẹ́yìn bọ́dà. Kò ju kí n na ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ lọ. Ẹni tó bá lọ sí òkè òkun mọ̀ pé òkun wà láàárín. Tèmi, títì ọlọ́dà kan ṣoṣo ló wà láàárín, síbẹ̀ ìdálẹ̀ ni mo wà.

Fóònù ni mo fi ń rí ilé. Bí Màmá bá ti gbé e, kì í kọ́kọ́ bèèrè owó oṣù, kì í bèèrè ìyàwó. Á ní, "O ti jẹun?" Á tún ní, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbẹ̀?" Nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ibi tí wọ́n bá ti pe èèyàn dáadáa, ibẹ̀ lè di ilé.

Mo ní, "Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí, Màmá."

"Àgànyìn kẹ̀? Ìwọ ọmọ Àgùdà?"

"Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ti òdìkejì bọ́dà wá, Àgànyìn ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Jẹ́ kí wọ́n máa pè é. Orúkọ yẹn kò wúwo. Ó kàn ṣìnà ni."

Mo fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Orúkọ kan wà tó ṣìnà, tí o lè mú lọ́wọ́ kí o sì fọ̀nà hàn án. Òmíràn wà tó mọ ibi tó ń lọ dáadáa.

Kọ́ńpìnì bisikíìtì ni mo ti ríṣẹ́. Àdírò ńlá kan wà níbẹ̀ tó gùn ju ilé wa lọ. Bí bisikíìtì bá ti jáde nínú àdírò, bẹ́líìtì kan á gbà á, á gbé e síwájú. Bẹ́líìtì kejì á gbà á lọ́wọ́ ìyẹn, á gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fi náílọ́ọ̀nù dì í. Bí ti àkọ́kọ́ bá sáré, ti kejì á sáré. Bí ó bá rọra, ti kejì náà á rọra. Àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ̀rọ yìí ti de irin pẹlẹbẹ mọ́ wọn lára. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ Ọ̀gá sára ti àkọ́kọ́. Wọ́n kọ Ẹrú sára ti kejì.

Ti kejì ni wọ́n fún mi.

Àṣà kan sì wà ní kọ́ńpìnì yẹn. Ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí orúkọ èèyàn dé etí, nítorí náà, ohun tí o bá ń fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ń pè ọ́. Bàbá Múfú, ará Ìsẹ́yìn tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé páálí, Fọ́kì ni wọ́n ń pè é. Ìkẹ́nnà, ọmọ Ìbò tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, Sípánà ni. Ìyá Ọ̀ṣogbo, olórí àwọn obìnrin tó ń to bisikíìtì, Ìyá Páálí ni, ó sì máa ń fi ṣe fáàrí, á ní òun nìkan ni ìyá tí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sunkún. Kò sí ẹni tó ń bínú.

Ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń pe èmi.

"Ẹrú, oúnjẹ ti dé o!" "Ẹrú, bá wa na ìgbálẹ̀ yẹn!" N kò ní purọ́ mọ́ wọn, kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn wọn. Bí wọ́n ṣe ń pe Sípánà náà ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n etí mi kọ̀. Kì í ṣe pé mo jókòó mo pinnu. Mo ń gbọ́ ẹ̀rọ, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn obìnrin, mo ń gbọ́ bí ìdè irin kékeré bá já bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti pe ọ̀rọ̀ yẹn, ńṣe ló dà bí ìgbà tí iná lọ.

"Àgànyìn yìí dití o," ni wọ́n ń wí. Ìyá Ọ̀ṣogbo á wá gbá mi léjìká. "Ọkọ mi, ìwọ ni wọ́n ń pè láti àárọ̀!"

Ọjọ́ Ajé kan, náílọ́ọ̀nù lọ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ lẹ́yìn mi. Ẹnjiníà, ọ̀gá wa, wà lókè àtẹ̀gùn irin, ó rí i. Èmi kọ̀yìn sí i, mo ń to bisikíìtì tó wọ́, mo ń kọrin. Ó ké, "Ẹrú! Dá a dúró! Ẹrú! Ẹrú o!" Orin tèmi ń lọ. Kí n tó mọ nǹkan kan, bisikíìtì ti ń rọ̀ bí òjò, ó ti dé orúnkún mi, ó ń lọ sí ìbàdí. Ìyá Ọ̀ṣogbo ló sáré wá tẹ bọ́tìnnì pupa.

Ẹ̀gbá ni Ẹnjiníà, èèyàn jẹ́jẹ́, onínúure. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó ń bínú.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

"Ẹ má bínú, sà. N ò gbọ́."

"Mo pè ọ́ dé ọ̀run!"

"Kí lẹ pè mí, sà?"

"Ẹrú!"

Mo wẹ̀yìn. Bí Ọlọ́run ṣe gbọ́, mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan dúró síbẹ̀. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹni tí a pè tí kò dáhùn kò lè dúró ti ẹ̀rọ tó ń yí. Lónìí, bisikíìtì ló fọ́. Lọ́la, ọwọ́ èèyàn lè wà níbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta tí o ò tíì máa dáhùn, wàá fi bẹ́líìtì yẹn sílẹ̀, wàá sì padà síbi tí o ti wá."

Ohun tó sọ dáa. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le.

Nígbà tí mo délé, mo pe Màmá. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. Kò ní kí n máa bọ̀ nílé, kò ní kí n dúró. Ó ní, "Ṣé o ti sọ ìtàn náà fún wọn?"

Mo ní rárá.

"Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀? Ẹni tí kò mọ̀ pé egbò wà lábẹ́ aṣọ, kò ní ṣàì fi ìgbọ̀nwọ́ gbá a. Ṣí aṣọ fún wọn."

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a lọ sinmi lábẹ́ igi fúrúùtù ẹ̀yìn kọ́ńpìnì, mo ṣí aṣọ. Mo sọ ọ́ bí Ìyá Felisíà ṣe ń sọ ọ́, n kò kánjú. Ẹnjiníà gbé ife tíì rẹ̀ kọjá, ó dúró, ó gbọ́ ọ dé ibi tí obìnrin ẹlẹ́ja ti pe Ẹfúnbọ́lá.

Ìkẹ́nnà ló kọ́kọ́ lanu. "Bros, so na why your ear dey block."

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. "Ìtàn yẹn dùn mí. Mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n irin ni irin. Kò mọ ọ̀gá, kò mọ ẹrú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára irin kò lè gbé ọwọ́ ẹnikẹ́ni sókè, kò sì lè gbé e sílẹ̀. Àti pé níbo la ó ti dúró? Ẹrú wà nínú òwe wa. Ẹrú kan ló ń mú ni bú igba ẹrú. Ṣé ká lọ yọ òwe lẹ́nu àwọn àgbà ni? Tí a bá ní ká sin gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìtàn rẹ̀ kò dáa, ọwọ́ la ó máa jù síra wa bí odi."

Ìyá Ọ̀ṣogbo ní, "Ẹnjiníà, òwe ń kọjá lọ ni tirẹ̀. Kì í sùn sórí ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ ti mú eléyìí, ẹ ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́."

Bàbá Múfú kì í tètè sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ tún fìlà rẹ̀ dé. "Ẹ̀rù tó ń ba èmi yàtọ̀. Tí a bá yọ ọ́, tí a jù ú nù, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ á ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Àpá la fi ń mọ̀ pé ọgbẹ́ wà níbẹ̀ rí."

"Baba, scar fit dey body," ni Ìkẹ́nnà wí. "But nobody dey answer scar as name. And since we don dey talk am, that kòbókòbó wey una dey call me nko?"

Gbogbo wa wolẹ̀. Bàbá Múfú ní, "Sípánà, ìyẹn kì í ṣe èébú. Eré ni."

"Na the same thing Oga talk about iron."

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀ lé àwọn ẹyẹ kúrò lórí igi. Bàbá Múfú ṣí fìlà, ó ní, "Ó ti mú mi. Ọmọ yìí ti mú mi lọ́wọ́ kan." Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rántí orúkọ tí àwa náà ní ní Àjàṣẹ́ fún àwọn tó ń sọ̀kalẹ̀ wá láti Òkè Ọya.

Ẹnjiníà ní, "Ó dáa. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lórúkọ. Ọ̀kan ń ṣáájú, ọ̀kan ń tẹ̀lé. Kí ni ká máa pè wọ́n?"

"Ìyálé àti Ìyàwó," ni Bàbá Múfú dá lábàá.

Àwọn obìnrin fò dìde. "Ẹ gbọ́ Bàbá! Wọ́n ní ká kúrò lóko ẹrú ká bọ́ sílé olórogún!"

Ẹnì kan ní ká pè wọ́n ní Pásítọ̀ àti Ìjọ. Ẹlòmíràn ní bí ìjọ bá yapa ńkọ́, ta ni yóò di bisikíìtì?

Ìyá Ọ̀ṣogbo nawọ́ sókè. Òun fúnra rẹ̀ bí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. "Ẹ dákẹ́ ná. Èwo ló ń kọ́kọ́ gbéra?"

"Ti iwájú."

"Èwo ló ń tẹ̀lé e?"

"Ti ẹ̀yìn."

"Tí ti iwájú bá sáré?"

"Ti ẹ̀yìn á sáré."

"Tí ara ọ̀kan kò bá yá?"

"Èkejì á dúró."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí! Ìbejì lẹ ń pè ní ọ̀gá àti ẹrú láti ọjọ́ yìí!"

Ariwo sọ. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ ohun tó túmọ̀ sí. Táíwò ló ń kọ́kọ́ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Bẹ́líìtì tèmi, èyí tó ń tẹ̀lé ọ̀gá rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, àgbà ni! N kò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ jẹ́ ká fi dánwò. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi o. Tí iṣẹ́ bá bàjẹ́ nítorí orúkọ yìí, orúkọ àtijọ́ ń padà bọ̀, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà yóò sì máa dáhùn."

Ìkẹ́nnà tú irin pẹlẹbẹ méjèèjì. Bàbá Múfú kò jẹ́ kó jù wọ́n nù, ó kó wọn sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fi ọ̀dà funfun kọ Táíwò, mo kọ Kẹ́hìndé. Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin ti ń pè mí ní Bàbá Ìbejì. Ẹnjiníà nìkan ni kò tíì pè mí ní nǹkan kan. Bó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́, á sọ̀ kalẹ̀ látorí àtẹ̀gùn, á wá dúró níwájú mi, á ní, "Ìwọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì kọ́ńpìnì pẹ́ díẹ̀. A ń pààrọ̀ aṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ ni a gbọ́ tí ẹ̀rọ gbéra. Ẹnjiníà ti dé ṣáájú wa, ó sì fẹ́ fúnra rẹ̀ tan án láti òkè àtẹ̀gùn kí iṣẹ́ má bàa falẹ̀. Bí mo ṣe ń de okùn bàtà ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó la gbogbo ariwo yẹn já:

"Bàbá Ìbejì!"

Kí orúkọ náà tó tán lẹ́nu rẹ̀, mo ti yíjú.

"Bàbá Ìbejì! Bá mi dá Kẹ́hìndé dúró o!"

Mo sáré jáde pẹ̀lú bàtà kan. Ohun tí mo rí, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe mú ẹ̀rín mọ́ra. Náílọ́ọ̀nù bisikíìtì ló ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó wú pọ̀ǹpọ̀ bí ìrọ̀rí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, wọ́n kún ilẹ̀, wọ́n ń yí gbirigbiri. Kò sí bisikíìtì kan nínú wọn. Afẹ́fẹ́ ni. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́.

Ìyá Ọ̀ṣogbo mú ọ̀kan, ó gbé e sí etí, ó mì í. "Ta ló ti jẹ bisikíìtì inú eléyìí?"

Ẹnjiníà sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń wo Kẹ́hìndé tó ń sáré lórí òfo láìpẹ́ yìí, ó ń wo Táíwò tó dúró sójú kan láìtíì gbéra.

Ó ní, "Mo... àgbà ni mo kọ́kọ́ tàn."

"Ẹ kọ́kọ́ tan kí ni?"

"Àgbà! Ṣé èmi ni n ó wá mú ọmọdé ṣíwájú àgbà láàárọ̀ kùtù? Ọwọ́ mi kò gbà."

Ó ku ẹni tí yóò dúró lórí ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin di ara wọn mú. Bàbá Múfú jókòó sórí páálí, omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń ké, "Ẹnjiníà, irin ni irin o! Kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé!"

Èmi nìkan ni ẹ̀rín mi kò pẹ́. Mo rántí ohun tó sọ. Iṣẹ́ ti bàjẹ́ nítorí orúkọ, kò sí àní-àní. Náílọ́ọ̀nù ló kún ilẹ̀ yìí. Mo dúró, mo ń retí ẹnu rẹ̀.

Ẹnjiníà kò wò mí. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ń wò, ìka tó fi tẹ bọ́tìnnì. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

Ó ní, "Mo ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára irin kò lè gbé ọwọ́ ẹnikẹ́ni sókè."

Ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Ọwọ́ tèmi ló gbé yìí. Èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ ló tì mí tẹ bọ́tìnnì. Èyí tó ti wà níbẹ̀ kí gbogbo wa tó débí ńkọ́? Kí ló ti fi ọwọ́ wa ṣe tí a ò mọ̀?"

Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, o dáhùn lónìí o. Ìpè kan ṣoṣo."

Mo ní, "Mo gbọ́ yín, sà. Mo gbọ́ yín dáadáa."

Ó ní kí n gbé ọ̀dà wá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára ògiri, lókè bọ́tìnnì, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní: Táíwò ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn. Kẹ́hìndé ló rán an.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí ǹ bá ti padà sílé, ẹ̀wà ni mo sè. A kì í bí ìbejì ká má se ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n mo sè é bí Àgùdà ṣe ń sè é, mo lọ̀ ọ́, mo fi omi àgbọn rò ó, mo gbé ìkòkò náà wọ bọ́ọ̀sì láti Ìjù, mo sì dì í mú láàárín ẹsẹ̀ mi bí ọmọ tuntun. Ìyá Ọ̀ṣogbo tọ́ ọ wò, ó dijú. "Ọkọ mi, ta ló kọ́ ọ ní èyí?" Wọ́n bu àwo kan síwájú Táíwò, wọ́n bu èkejì síwájú Kẹ́hìndé. Ìkẹ́nnà bi wọ́n léèrè ta ni yóò jẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn ọmọdé ni. Ó ní òun ni àbíkẹ́yìn ìyá òun, ó jókòó, ó sì jẹ méjèèjì.

Níbi tí a ti ń jẹun ni Màmá pè. Kí n tó lè sọ̀rọ̀, obìnrin kan ti kígbe lẹ́yìn mi, "Bàbá Ìbejì, ó kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò o!"

Màmá ní, "Ìbejì ta ni? O ti bímọ tí o ò sọ fún mi?"

Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó wá ní, "Ìyá Felisíà ì bá gbọ́ eléyìí." Lẹ́yìn náà ló ní, "Gbé mi fún wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ mi. Jẹ́ kí n kí wọn."

Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì. Ohùn ìyá mi jáde, ohùn Àjàṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń dún bí orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ki irin méjì ní ẹ̀jìrẹ́. Kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn obìnrin ń gbè é lẹ́yìn.

Nígbà tí Kérésìmesì dé, tí mo ń lọ sílé, Bàbá Múfú fa irin pẹlẹbẹ kan yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, èyí tí wọ́n kọ Ẹrú sí. Ó ní, "Má jù ú nù o. Gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ ìtàn rẹ̀." Ara ògiri ìloro ilé wa ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Ìyá Felisíà. Àwọn ọmọ máa ń fọwọ́ kàn án, wọ́n á bèèrè pé kí ni, a ó sì sọ fún wọn. A kò sin ín. Ṣùgbọ́n kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọjọ́ tí mo padà dé láti ilé, ọkọ̀ já mi sílẹ̀ ní Ìyànà Ìyẹsí, àpò ńlá lórí mi, eruku ní gbogbo ara. Mo dúró, mo ń wá bí n ó ṣe dá títì kọjá. Láti òdìkejì, obìnrin kan ké, "Bàbá Ìbejì! Ẹ káàbọ̀ o!" Orí mi yí, àpò mi yí, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. N kò tíì rí ojú ẹni tó pè mí, mo ti ń rẹ́rìn-ín. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Màmá kò parọ́ nípa ibi tí wọ́n ti ń peni dáadáa.

Ìwọ tó o ti jókòó tì mí láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, ta ni ò ń pè lójoojúmọ́ tí kì í yíjú, tí ò ń sọ pé etí rẹ̀ ló di?